Ìsàlẹ̀ Ẹ̀yìn Ríro Lára Àwọn Tí Ń Gun Kẹ̀kẹ́ Adúrósójúkan: Ọ̀rọ̀-Ìperí àti Àlàyé

1. Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn ìrora tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láyé ni kí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn máa ro ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, mílíọ̀nù 619 ènìyàn ni ìrora yìí ń bá jà. Nínú 100 irú wọn, nǹkan bí 90 ni dókítà kò lè tọ́ka sí àrùn kan pàtó pé òun ni ó fa ìrora náà. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ wà lára wọn, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà, ìbáà sì ṣe èyí tí a ń gùn nínú ilé fún eré ìdárayá.

Olùkọ́ tàbí olùtumọ̀ tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá yóò bá ìṣòro kan pàdé. Àwọn orúkọ tí ó yá lẹ́nu àwọn ènìyàn fún ìrora náà, orúkọ àrùn ni wọ́n. Wọn kò sọ ibi tí ìrora wà tàbí bí ó ti rí. Bí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn bá ń ro ènìyàn, àwọn kan a ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Àwọn mìíràn a ní làkúrègbé ni. Ẹni tí a bá sọ fún pé jẹ̀díjẹ̀dí ni ó ń ṣe é yóò wá àgbo mu, yóò sì yẹra fún ohun dídùn, ṣùgbọ́n ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yóò wà bí ó ti wà. Orúkọ ni ó ń darí ìtọ́jú. Bí orúkọ bá ṣìnà, ìtọ́jú yóò bá a ṣìnà.

2. Èéṣe tí a kò fi ní yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò?

Ọ̀nà tí ó rọrùn ni pé kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì kọ ọ́ ní ìlànà ohùn Yorùbá. Ọ̀nà yìí kò gún régé ní ibi gbogbo. Ẹ jẹ́ kí a mú Ìsundúnrin ṣe àpẹẹrẹ, ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ẹjìgbò àti agbègbè rẹ̀ ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, pàápàá ní Abidjan, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà wálé. Ọ̀pọ̀ nínú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ó gbọ́ Faransé ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ohùn Yorùbá pè lè yé ẹni tí ó kàwé ní Ìbàdàn, kí ó má sì yé ẹni tí ó dàgbà sí Abidjan. Yorùbá ni àwọn méjèèjì jọ ní. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí a bá hun láti inú Yorùbá ni yóò sìn wọ́n pọ̀.

3. Orúkọ kẹ̀kẹ́ náà

Yorùbá kò ṣàìmọ bí a ti ń sọ ohun tí a fi ń rìn lórúkọ. Kẹ̀kẹ́ ni a ń pe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ yí. Ìró rẹ̀ ni a gbọ́ tí a fi pe òmíràn ní alùpùpù. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada ni a sì fi pe alùpùpù tí ń gbé èrò ní ọ̀kadà.

Kẹ̀kẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé kì í kúrò níbi tí ó wà. Irin rẹ̀ dúró gbọnin lórí ilẹ̀. Wíìlì irin kan tí ó wúwo ni ẹni tí ó gùn ún ń fi ẹsẹ̀ yí. Johnny Goldberg, ọmọ bíbí orílẹ̀-èdè South Africa, ni ó sọ gígùn irú kẹ̀kẹ́ yìí lẹ́gbẹẹgbẹ́ di ẹ̀kọ́ ìdárayá ní Amẹ́ríkà, láti apá ìparí ọdún 1980 sí 1989 wá. Kẹ̀kẹ́ inú ilé kò tó láti fi pè é, nítorí pé a lè gbé kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí sínú ilé. Kẹ̀kẹ́ adúrósójúkan ni ó sọ ìṣe rẹ̀ gan-an: kẹ̀kẹ́ tí ó dúró sí ojú kan.

4. Ibi tí ìrora wà

Ẹ̀yìn gùn láti ọrùn dé ìdí. Ìbàdí ní tirẹ̀ kò mọ sí ẹ̀yìn nìkan, nítorí pé ó yí ara ká. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó péye jù: láti abẹ́ egungun ìhà tí ó kẹ́yìn títí dé òkè ìdí. Egungun 5 nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó wà níbẹ̀. Láàrin egungun kan àti èkejì ni ohun pẹlẹbẹ kan wà tí ó ń gba ìwúwo ara. A lè pè é ní ìrọ̀rí egungun.

Ìṣòro tí ó tóbi jù ni ọ̀rọ̀ náà iṣan. Yorùbá ń pe ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní iṣan. Ó yẹ kí a yà wọ́n: iṣan agbára ni èyí tí ń fà tí ó sì ń sún láti gbé ara, iṣan ìmọ̀lára ni èyí tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, tí ó sì ń gbé àṣẹ ọpọlọ bọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá.

5. Ohun tí ń fa ìrora

Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ a máa tẹ̀ síwájú. Bí ó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, iṣan agbára tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn yóò rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti rẹ̀, ẹ̀yìn yóò túbọ̀ ká kò. Kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà a máa tẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì pẹ̀lú ẹni tí ó gùn ún. Kẹ̀kẹ́ adúrósójúkan kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìjókòó bá ga jù, ìdí yóò máa yí sọ́tùn-ún sósì kí ẹsẹ̀ lè kan ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò sì jìyà rẹ̀. Bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bá jìnnà tàbí tí ó rẹlẹ̀ jù, ẹ̀yìn yóò tẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Nítorí náà, ó yẹ kí orúnkún ṣì tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

Ní ọdún 1999, àwọn oníṣègùn kan ní Ísírẹ́lì tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ojú ọ̀nà. Wọ́n rẹ iwájú ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní ìwọ̀n dígírì 10 sí 15. Ó ju 70 lọ nínú 100 àwọn tí ẹ̀yìn ń ro tí ara tù gidigidi. Kì í ṣe oògùn ni wọ́n lò.

Kí olùkọ́ má ṣe rò pé ohun kan náà ni ó ń ṣe ọlọ́kadà. Ẹ̀yìn ọlọ́kadà lè máa ro ó nítorí ìgbọ̀nrìrì ọ̀nà tí kò dára àti ìjókòó ọjọ́ gbọọrọ. Ibi ìrora lè jẹ́ ọ̀kan náà, kí okùnfà yàtọ̀.

6. Ọ̀rọ̀-ìṣe ìrora

Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó fún oríṣìíríṣìí ìrora, olùtumọ̀ kò sì gbọdọ̀ fi dùn kan ṣoṣo dí gbogbo wọn. Bí ẹ̀yìn bá ń ro ènìyàn tàbí tí ó le lẹ́yìn tí ó gun kẹ̀kẹ́ tán, iṣan agbára ni a sábà máa ń fura sí. Ó sì sábà máa ń lọ bí a bá sinmi tí a sì tún ìjókòó ṣe. Bí ìrora bá ń ta láti ẹ̀yìn lọ sí ìsàlẹ̀ orúnkún, a ó fura sí iṣan ìmọ̀lára. Ó yẹ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí agbedeméjì itan bá kú tí kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, tàbí tí ènìyàn kò lè ṣàkóso ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Olùtumọ̀ tí ó bá kọ "ó ń dùn ún" níbi tí aláìsàn ti sọ pé "ó kú" ti mú àmì ewu kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn: láti abẹ́ egungun ìhà dé òkè ìdí.
Kẹ̀kẹ́ adúrósójúkan: kẹ̀kẹ́ ìdárayá tí kì í kúrò lójú kan.
Ìrọ̀rí egungun: ohun pẹlẹbẹ tí ó wà láàrin àwọn egungun ọ̀pá ẹ̀yìn.
Iṣan agbára, iṣan ìmọ̀lára, iṣan ẹ̀jẹ̀: oríṣi iṣan mẹ́ta tí kò yẹ kí a dà pọ̀.

Jẹ̀díjẹ̀dí àti làkúrègbé ní àyè tiwọn. Kí a fi wọ́n sílẹ̀ fún àrùn tí wọ́n ń jẹ́, kí a sì kọ́kọ́ pe ìrora ní orúkọ ibi tí ó wà àti bí ó ti ń ṣe ènìyàn kí a tó pe ohun tí ó fà á lórúkọ.