Ṣé o mọ̀? Ìdí àwo ń pọ́n ọ̀bẹ

Ìdí àwo tánganran, irú èyí tó máa ń fọ́, lè pọ́n ọ̀bẹ ìdáná tó ti kú, kó sì tún máa gé tòmátì láìtẹ̀ ẹ́ fọ́. Dojú àwo náà dé, wàá rí òrùka tín-ín-rín kan tí kò dán bí ara yòókù. Lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Mohs, òrùka yìí tó nǹkan bí 7, nígbà tí irin ọ̀bẹ lásán wà ní nǹkan bí 5.5. Ẹni tó ti ilé-iṣẹ́ dé lálẹ́ ní Sángo-Ọ̀tà, tí apọ́nbẹ ti lọ sílé, lè pọ́n tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Igun tí kò dúró sójú kan ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Gbé ẹnu ọ̀bẹ lé òrùka náà lóòró gangan, dà á dé ìdajì, kí o tún dà á dé ìdajì èyí tó kù: ó di nǹkan bí dígírì 22. Má yí i kúrò níbẹ̀. Rọra fà á láti ìdí dé ṣóńṣó títí ẹ̀gbẹ́ kejì yóò fi ní etí ṣákiṣàki tí àtàǹpàkò lè mọ̀, lẹ́yìn náà kí o yí ọ̀bẹ padà.

Fi ọṣẹ fọ àwo náà kí o tó bu oúnjẹ sí i: ìlà aláwọ̀ eérú tó wà lórí òrùka rẹ̀, irin ọ̀bẹ ni.