Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì: ká lò ó dáadáa, ká má bẹ̀rù rẹ̀

Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí oògùn tí dókítà ń fún èèyàn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú iṣan rẹ̀. Sintrom, Previscan àti Coumadine wà lára wọn.

Ó dára kí ẹ̀jẹ̀ máa dì. Bí ọkọ́ bá ṣá wa lẹ́sẹ̀ lóko iṣu, dídì yẹn ló ń dí ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá dì sínú iṣan, ewu ni. Èyí tó dì sí ẹsẹ̀ lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó má jẹ́ kéèyàn lè mí mọ́. Èyí tó dì sínú ọkàn lè gòkè lọ sí ọpọlọ, kó rọ èèyàn lápá lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ rí, ní oògùn yìí.

Àwọn kan ní oògùn yìí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi. Rárá o! Ó kàn ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dì ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní INR ló ń fi hàn bó ṣe pẹ́ tó. Ti ẹni tí kò lo oògùn máa ń wà ní nǹkan bí 1. Fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ń lò ó, dókítà ń fẹ́ kó wà láàárín 2 sí 3. Bó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ lè dì. Bó bá ga jù, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà láìdá. Nítorí náà, bí ọjọ́ àyẹ̀wò bá pé, ẹ lọ, bí ara yín tilẹ̀ le koko.

Àwọn mìíràn ní oògùn eku ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Warfarin, tó wà nínú Coumadine, wọ́n kọ́kọ́ fi pa eku ní Amẹ́ríkà ní 1948. Ní 1954 ni wọ́n gbà pé kí èèyàn lò ó. Ìwọ̀n ló yàtọ̀. Ṣebí iyọ̀ tó ń mú ọbẹ̀ dùn náà ni, bó bá pọ̀ jù, tó ń ba ọbẹ̀ jẹ́?

Ṣé kí ẹ má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́ ni? Ẹ jẹ ẹ́! Fítámì K tó wà nínú tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀ àti ewúro ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ má ṣe sọ ọ́ di ojoojúmọ́ lójijì, ẹ má sì pa á tì lẹ́ẹ̀kan náà. Bákan náà ni kó máa rí.

Àgbo ńkọ́? Òmíràn ń mú oògùn yìí lágbára jù, òmíràn ń pa agbára rẹ̀. Ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀ láìsọ fún dókítà. Aspirin, ibuprofen àti diclofenac tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lọ́jà lè mú kí inú ṣẹ̀jẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí ẹ tó ra ohunkóhun.

“Ara mi ti yá, mo fẹ́ dá a dúró.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn kì í mọ̀ ọ́n lára pé oògùn yìí ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í mọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Bí ẹ bá gbàgbé tàná, ẹ má ṣe lo méjì lónìí. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáánì, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Obìnrin tó bá fura pé òun lóyún, kó yára lọ, torí àwọn kan nínú oògùn yìí lè pa ọmọ inú lára.

Bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tí ìtọ̀ pọ́n, tí imú ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá, tàbí tí ẹ fi orí gbálẹ̀ látorí alùpùpù, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí ẹ kò bá rí ọgbẹ́. Ẹ mú ìwé oògùn yín dání.

Ẹ jọ jíròrò èyí nínú ẹgbẹ́ yín: ta ló ń lo oògùn yìí nílé yín, ta ni yóò sì máa rán an létí ọjọ́ àyẹ̀wò? Ó dìgbà kan ná o.