Ẹ̀yin Ìyá Ọlọ́jà, Ẹ Jáde Nílé ní Lọ́ńdọ̀nù!

Ẹ̀yin ìyá wa n'Ìjerò, Arámọ̀kọ àti Ẹ̀fọ̀n, bí ọmọ bá ní kí ẹ wá bá òun wẹ ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má torí àìlówó jókòó sílé o. British Museum kì í gbowó ìwọlé. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà, iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀, ọmọ bíbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ọdún 1924 ni wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley. Àga ọba ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fún Ògògà.

Bọ́ọ̀sì ni kí ẹ wọ̀: ẹ sanwó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó tún wọ òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín wákàtí kan. Ẹ di móínmóín dání, kí ẹ jẹ ẹ́ níta. Iṣẹ́ ọmọ wa kúkú ni. Kí ìyá rẹ̀ lọ wò ó!