Gbòǹgbò Eyín Ọmọ àti Oògùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti gbogbo alágbàtọ́ ọmọ, ní ọ̀pọ̀ ilé ní Lekki àti Ajah, ìyá àgbà, aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́ ni wọ́n jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan. Nígbà mìíràn, inú dúrọ́ọ̀ kan náà ni oògùn gbogbo wọn wà. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé oògùn tí ń dáàbò bo ọkàn ìyá àgbà lè má yẹ ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣì ń dàgbà?

Báwo ni gbòǹgbò eyín ṣe ń le?

Ẹni tí ó bá ti kọ́lé sórí iyanrìn Lekki mọ̀ pé ìpìlẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń ṣe kí ilé tó yọ sókè. Eyín kò rí bẹ́ẹ̀. Orí rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ yọ. Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ń dàgbà nínú egungun àgbọ̀n. Eyín iwájú tí ó rọ́pò ti ọmọdé a máa yọ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6 sí 8, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kì í parí títí di nǹkan bí ọdún 9 tàbí 10. Àwọn sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ ara kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, ni wọ́n ń fa kálísíọ̀mù láti inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì ń tò ó jọ títí gbòǹgbò yóò fi le.

Nítorí náà, oògùn tí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè dé ibi iṣẹ́ yìí. Ẹ wo tetracycline, kápúsù tí àwọn kan ń rà lọ́wọ́ akiri-oògùn fún inú rírun. A máa lẹ̀ mọ́ kálísíọ̀mù, a sì bá a wọ inú eyín tí ń dàgbà. Eyín náà a pọ́n rúsúrúsú tàbí kí ó dà bí eérú. Bí ọmọ náà run orín láti òwúrọ̀ di alẹ́, àwọ̀ náà kò ní bó.

Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Akira Endo, onímọ̀ ará Japan, ni ó rí irú oògùn yìí àkọ́kọ́ ní àwọn ọdún 1970, lára ohun tí ó hù lórí ìrẹsì. Ní 1987, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lovastatin. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń dín ọ̀rá tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, ó sì ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀.

Ní 1999, àwọn onímọ̀ kéde pé ó ń mú egungun eku dàgbà. Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti da simvastatin sórí sẹ́ẹ̀lì eyín nínú àwo ìwádìí. Nígbà tí ó kéré, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà to èròjà líle jọ sí i; nígbà tí ó pọ̀ jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Àwo ìwádìí kì í ṣe ẹnu ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ọmọ ní oògùn yìí kí eyín rẹ̀ lè le.

Aboyún náà ní láti ṣọ́ra. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin oyún ni eyín àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í le, ọmọ inú sì nílò ọ̀rá yìí láti fi kọ́ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ aboyún ni dókítà ń ní kí wọ́n dáwọ́ oògùn náà dúró.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ ṣe

1. Ẹ ti oògùn àgbàlagbà mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó.

2. Bí ẹ bá ń lo oògùn ọ̀rá tí ẹ sì lóyún, tàbí tí ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ìyá àgbà kò gbọdọ̀ dá tirẹ̀ dúró láìgba àṣẹ.

3. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 ní tetracycline, kí aboyún náà má sì lò ó.

4. Bí eyín iwájú ọmọ bá kán, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ lè má tíì parí. Ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ní ẹ̀ka eyín.

5. Ẹ fún ọmọ ní wàrà, ewébẹ̀, edé àti ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun.

Ìdènà àrùn sàn ju ìwòsàn lọ. Ìlera loògùn ọrọ̀.