«Bí» inú àdéhùn: ọ̀rọ̀ kékeré, ẹrù ńlá

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe àdéhùn ní èdè wa, ó dà bí ẹni pé «bí» ni èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Àgbẹ̀ kan ní Kambolé yá owó lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Tchamba. Ó ní: «Bí mo bá kórè kajú, n ó san owó yín.» Wọ́n bọwọ́, wọ́n sì pínyà ní àlàáfíà. Lọ́dún náà, iná ìgbẹ́ jó oko, kò sì rí kajú kankan ká. Nígbà tí oníṣòwò béèrè owó rẹ̀, àgbẹ̀ dáhùn pé: «Mo ní bí mo bá kórè. N kò kórè, n kò jẹ yín ní nǹkan kan.» Oníṣòwò ní: «Ìgbà tí ẹ óò san án ni ẹ sọ, ẹ kò sọ pé ẹ lè má san án.» Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gbọ́, ìtumọ̀ méjì ni wọ́n gbé lọ sílé.

Ìgbà tí ó dájú, ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò dájú

Òfin tí ó ń darí àdéhùn láàárín àwọn ará ìlú ní Togo wá láti inú Code civil tí Napoléon gbé jáde ní 1804. Ìjọba amúnisìn ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn tí Togo gba òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, ó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní apá ti àdéhùn àti gbèsè. Abala 1168 dé 1184 ni ó sọ̀rọ̀ nípa ohun tí Faransé ń pè ní condition. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá òfin lórí tẹlifóònù, ẹ ṣọ́ra: orílẹ̀-èdè Faransé ti tún apá yìí kọ ní 2016, abala 1304 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ báyìí. Nọ́ńbà àtijọ́ ni tiwa.

Abala 1168 sọ pé àdéhùn ní condition nínú nígbà tí a bá gbé e ka orí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú, tí kò sì dájú pé yóò ṣẹ. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá dájú, kì í ṣe condition mọ́. Terme ni, èyíinì ni àkókò tí a dá. Abala 1185 là á yé wa pé àkókò tí a dá kì í dí gbèsè lọ́wọ́ láti wà. Sísan rẹ̀ nìkan ni ó ń sún síwájú.

Ibí yìí gan-an ni èdè wa ti nílò àkíyèsí. Faransé ní si fún ohun tí kò dájú, ó sì ní quand fún ìgbà. Yorùbá ní «nígbà tí», ṣùgbọ́n «bí» a máa ṣe iṣẹ́ méjèèjì. «Bí òṣùpá ààwẹ̀ bá lé, n ó san»: a lè má mọ ọjọ́ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n yóò lé dandan, àkókò ni a dá. «Bí ẹgbẹ́ wa bá gba ife-ẹ̀yẹ, n ó pa àgbò»: kò dájú, condition ni. Láti Kambolé títí dé Sokodé, Yorùbá, Tem àti èdè Tchamba ni a fi ń nájà, Faransé ni a fi ń kọ ìwé. Nítorí náà, si tàbí quand tí akọ̀wé bá yàn lè sọ gbèsè di òfo, ó sì lè fi í múlẹ̀.

Ní ti àgbẹ̀ wa, abala 1156 ní kí adájọ́ wá ohun tí àwọn méjèèjì jọ ní lọ́kàn, kí ó má dúró lórí ẹyọ ọ̀rọ̀ nìkan. Owó yíyá kò yàtọ̀ sí owó tí a óò dá padà. Ó ṣòro láti gbà pé oníṣòwò fẹ́ fi owó rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí igi kajú. Abala 1901 tilẹ̀ mẹ́nu ba ẹni tí ó yá owó tí ó ní òun yóò san án nígbà tí agbára bá ká a, èyí tí àwa máa ń sọ pé «bí ọwọ́ mi bá tẹ owó». Adájọ́ ni yóò dá àkókò fún un gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn bá ti rí. Gbèsè náà kò kú.

«Bí» tí ń dá dúró, «bí» tí ń tú ká

Iṣẹ́ méjì ni condition lè ṣe. Èkíní ni suspensive, èyí tí ń dá àdéhùn dúró. «N ó ra ilé yín ní Sokodé bí ilé ìfowópamọ́ bá yá mi lówó.» Títí ìdáhùn yóò fi dé, ilé ṣì jẹ́ ti ẹni tí ń tà á, bí ilé náà bá wó pátápátá láìjẹ́ ẹ̀bi rẹ̀, òun ni ó pàdánù, olùrà kò jẹ ẹ́ ní owó (abala 1182). Ṣùgbọ́n bí ohun tí a ń retí bá ṣẹ, òfin yóò kà á pé àdéhùn ti múlẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti ṣe é. Bí ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́ bá sì ti kú kí ó tó ṣẹ, ẹ̀tọ́ náà di ti àwọn àrólé rẹ̀ (abala 1179).

Èkejì ni résolutoire, èyí tí ń tú àdéhùn ká. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá ṣẹ, oníkálukú yóò padà sí ipò tí ó wà tẹ́lẹ̀. Abala 1184 fi kún un pé, nínú àdéhùn tí ẹni méjì ti ní ojúṣe sí ara wọn, irú «bí» yìí wà níbẹ̀ bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́: bí ẹnì kan kò bá ṣe tirẹ̀, ẹnì kejì lè béèrè pé kí àdéhùn tú. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ni a ti ń béèrè rẹ̀, adájọ́ sì lè fún ẹni tí ó kùnà láyè díẹ̀ sí i. Ọ̀dọ́ tí ó ra alùpùpù fún iṣẹ́ zémidjan, tí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gbọ́dọ̀ mọ èyí: bí ìwé kò bá sọ ohun mìíràn, ọ̀sẹ̀ kan tí a kò san kò fún ẹni tí ó tà á láṣẹ láti wá gbé e lọ lóru. Bí ìwé bá sì sọ ohun mìíràn, ó yẹ kí ọ̀dọ́ náà ti kà á kí ó tó fọwọ́ sí i.

Ọwọ́ ta ni ó wà?

Òfin tún ń béèrè ẹni tí «bí» wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, bí òjò tàbí eéṣú, casuelle ni. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe àdéhùn, potestative ni. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú ẹlòmíràn, mixte ni: «N ó fún ọ ní ilẹ̀ bí o bá fẹ́ ọmọ lágbájá.» Ọmọ lágbájá náà gbọ́dọ̀ gbà.

«N ó san án bí ó bá wù mí» kì í ṣe ìlérí. Abala 1174 pa á rẹ́: ẹni tí ó jẹ gbèsè kò lè so gbèsè mọ́ ìfẹ́ inú ara rẹ̀ nìkan. Bákan náà ni abala 1172 pa àdéhùn tí a gbé ka ohun tí kò ṣeé ṣe, tàbí tí òfin kọ̀, tàbí tí kò bá ìwà rere mu. Ẹni tí a ṣèlérí owó fún bí ó bá jẹ́rìí èké kò lè gba owó náà ní ilé ẹjọ́.

Abala 1178 ni àwọn àgbà wa ìbá gbà láìjiyàn: bí ẹni tí ó wà lábẹ́ àdéhùn bá fúnra rẹ̀ dí ìṣẹ̀lẹ̀ náà lọ́nà, òfin yóò kà á pé ó ti ṣẹ. Olùrà tí kò gbé ẹsẹ̀ dé ilé ìfowópamọ́ kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọn kò yá òun lówó.

Ilẹ̀ tí a tà, ilẹ̀ tí a fi dógò

Ibi tí ó ti ń dunni jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, ẹni tí ó fi oko dógò lè rà á padà nígbàkúgbà tí ó bá rí owó. Àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá lè rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọwọ́ sí vente à réméré ti ta ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti rà á padà nìkan ni ó kù fún un. Abala 1660 kò jẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà kọjá ọdún 5. Bí àkókò bá pé tí kò rà á, olùrà ti di onílẹ̀ pátápátá. Bàbá lè rò pé òun fi ilẹ̀ dógò, kí ìwé Faransé sì sọ pé ó tà á. Ní ọdún kẹfà ni àwọn ọmọ yóò mọ̀. Fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ẹ tún wo Code foncier et domanial ti ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2018.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ ń retí ní kedere. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ ti ṣẹ: abala 1176 sọ pé bí ọjọ́ tí a dá bá kọjá, ọ̀ràn ti parí, bí a kò bá dá ọjọ́, ìdúró lè má lópin. Ẹ kọ ibi tí owó àsansílẹ̀ yóò gbà bí kò bá ṣẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí ó gbọ́ èdè méjèèjì ka ìwé Faransé náà sókè ní Yorùbá níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ka. Iṣẹ́ ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-ìwé nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá kan «bí», ẹ dúró, kí ẹ béèrè: «Ẹ̀yin bàbá, ṣé ìgbà ni ẹ ń sọ, tàbí ẹ ń sọ pé ó lè má rí bẹ́ẹ̀?»