Ohùn Ẹ̀fẹ̀ Lójú Ọ̀nà: Bí A Ṣe Ń So Ẹ̀rọ CD Mọ́ Ẹ̀rọ Sítúdíò

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí àjà tí àwo CD kún inú rẹ̀. Òmíràn jẹ́ orin tí a rà lọ́jà. Òmíràn sì jẹ́ èyí tí ọmọ ilé fúnra rẹ̀ gbà sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí Ẹ̀fẹ̀ jáde, nígbà tí gbogbo ìlú péjọ sí ojú agbo títí ilẹ̀ fi mọ́. Àwọn tó kọ àwọn orin náà ń dín kù lọ́dọọdún. Àwo náà pàápàá kì í pẹ́ láyé. CD tí a fi kọ̀ǹpútà kọ nílé ní aró kan nínú, aró yìí ni iná lésà fi ń kọ̀wé sára rẹ̀, oòrùn àti ooru sì máa ń mú kí aró náà ṣá díẹ̀díẹ̀.

Irú àwo bẹ́ẹ̀ kan ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Ohùn akọrin Ẹ̀fẹ̀ kan tó ti re ibi àgbà ń rè wà lórí rẹ̀, ẹbí rẹ̀ sì sọ fún wa pé kò sí ẹ̀dà mìíràn. A kọ́kọ́ fi í sínú kọ̀ǹpútà, nítorí pé ọ̀nà tó rọrùn jù lọ nìyẹn: bí kọ̀ǹpútà bá lè ka àwo, yóò da ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ ní tààrà, kò sì sí wáyà kankan tí a óò máa wá kiri. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni a dán wò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ CD àtijọ́ kan, tó wúwo bí ọlọ, ni ó gbà á, tí ohùn bàbá náà sì dún jáde kedere. Inú wa dùn. Ìgbà tí a yí ẹ̀rọ náà padà láti wo ẹ̀yìn rẹ̀ ni a tó mọ̀ pé iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ihò mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀rọ

Ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀: pupa kan, funfun kan, àti èyí aláwọ̀ ọsàn kan tó jẹ́ ti ohùn díjítà, èyí tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní «numérique». Sítúdíò tí a ti fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ ìdàpọ̀-ohùn tó dára, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní míksà. Ṣùgbọ́n ihò kan ṣoṣo tó wà lára rẹ̀ fún ohùn díjítà jẹ́ ti XLR ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n kọ AES/EBU sí lára. Ẹnu wáyà ti ẹ̀rọ CD, tí à ń pè ní RCA, kò lè wọ inú rẹ̀.

Ẹnìkan bi wá pé kí ló dé tí a kò lo ihò pupa àti funfun. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Lórí àwo CD, nọ́ńbà ni ohùn ti dà. Ní ìgbà 44,100 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a wọn ohùn náà, fún apá ọ̀tún àti fún apá òsì, bíìtì 16 ni a sì fi kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gba ihò pupa àti funfun, ẹ̀rọ CD yóò kọ́kọ́ sọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí di ohùn, míksà yóò sì tún sọ ohùn náà di nọ́ńbà. Ó dà bí ìgbà tí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí Faransé, tí ẹlòmíràn sì tún túmọ̀ Faransé náà padà sí Yorùbá. Bó ti wù kí àwọn ògbufọ̀ náà mọṣẹ́ tó, nǹkan díẹ̀ yóò sọnù. Ihò aláwọ̀ ọsàn ń fi àwọn nọ́ńbà náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà lórí àwo.

Ọmọ ìyá méjì

Ilé iṣẹ́ Philips ti Nẹ́dálándì àti Sony ti Jàpáànù ni wọ́n jọ gbé CD kalẹ̀; oṣù kẹwàá ọdún 1982 ni ẹ̀rọ CD àkọ́kọ́ dé ọjà ní Jàpáànù. Orúkọ àwọn méjèèjì yìí kan náà ló wà nínú S/PDIF, ìlànà tí ẹ̀rọ inú ilé fi ń fi ohùn díjítà ránṣẹ́. Ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ohùn tí à ń pè ní Audio Engineering Society gbé ìlànà ti sítúdíò jáde pẹ̀lú EBU, àjọ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù. Òun ni AES/EBU. Ọmọ ìyá ni ìlànà méjèèjì, nítorí pé bí wọ́n ṣe to nọ́ńbà ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí a fi lè so wọ́n pọ̀ láì fọwọ́ kan ohùn fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà rìn ló yàtọ̀.

Ìsopọ̀ ti ẹ̀rọ CD jẹ́ aláìdọ́gba, èyí tí àwọn oníṣòwò wa ń pè ní «asymétrique». Wáyà kan ṣoṣo ní àárín ló ń gbé iṣẹ́ tí a rán. Àwọ̀n tó yí i ká ń dá iná padà, òun náà ló sì tún ń dáàbò bò ó. Bí ariwo iná láti ara ẹ̀rọ amúnáwá tàbí fìríìjì bá wọlé, ó ti di ara iṣẹ́ náà nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń gbà á kò lè ya ohun tí a rán sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn lójú ọ̀nà.

Ìsopọ̀ ti sítúdíò jẹ́ adọ́gba, «symétrique». Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń jáde, tí aṣọ àti ère orí wọn bára mu bí ìbejì. Ẹ fojú inú wò ó pé a rán irú ìbejì bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ kan náà: bí Táyé bá gbé ìṣísẹ̀ kan síwájú, Kẹ́hìndé a gbé ọ̀kan sẹ́yìn. Eruku tó bá bà lé wọn lójú ọ̀nà bà lé àwọn méjèèjì bákan náà. Nígbà tí wọ́n bá dé, ẹ̀rọ tó ń gbà wọ́n kì í ka ohun tí wọ́n jọ ní, ìyàtọ̀ tó wà láàrin wọn nìkan ló ń kà. Ìyàtọ̀ náà ni iṣẹ́ tí a rán. Eruku tó wà lára àwọn méjèèjì a sì já sí òfo. Nínú XLR, ẹsẹ̀ kejì ni Táyé, ẹsẹ̀ kẹta ni Kẹ́hìndé, ẹsẹ̀ kìíní sì jẹ́ ti àwọ̀n tó bo àwọn méjèèjì.

Àṣìṣe tiwa

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí ojú kò rí. Wáyà díjítà ti RCA jẹ́ ohm 75, ti AES/EBU sì jẹ́ ohm 110. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí wáyà ṣe ń gba iná tó ń yí padà kíákíá kọjá. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, iná náà lè yí padà ní ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù 5 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Níbi tí ohm 75 bá ti pàdé ohm 110 láìsí alárinà, apá kan iná náà yóò ta padà bí ohùn ṣe ń ta padà lára àpáta, yóò sì da èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ rú. Agbára wọn náà kò dọ́gba: ẹ̀rọ CD ń fi nǹkan bí ìdajì volt ránṣẹ́, ti sítúdíò sì jẹ́ láti volt 2 sí volt 7.

A kò ka èyí sí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. A gé wáyà makirofóònù kan tó gùn tó mítà 8, a fi òjé jó ẹnu RCA mọ́ ìparí kan àti XLR mọ́ ìparí kejì: wáyà àárín lọ sí ẹsẹ̀ kejì, àwọ̀n lọ sí ẹsẹ̀ kìíní àti ẹsẹ̀ kẹta. Ohùn jáde, a sì pàtẹ́wọ́ fún ara wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná lọ, tí a tan ẹ̀rọ amúnáwá, ohùn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í já. A dákẹ́, a ta pàà, a tún padà. Níbi tí ó ti ń dárúkọ àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀ nínú iṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀, orúkọ méjì sọnù pátápátá nínú ohun tí a gbà sílẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ bàbá náà jókòó tì wá, a kì bá tí mọ̀ pé orúkọ kankan wà níbẹ̀.

Alárinà tó tọ́

Ohun tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ni tiransifọ́mà kékeré kan tí wọ́n ṣe fún ohùn díjítà, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹnu RCA wà ní apá kan rẹ̀, XLR wà ní apá kejì. Nínú rẹ̀, wáyà méjì ni a wé láìjẹ́ kí wọ́n fara kan ara wọn. Iná tó ń yí padà nínú ti àkọ́kọ́ ló ń jí iná nínú ti èkejì. Bí a bá wé ti àkọ́kọ́ ní ìgbà 10, a óò wé ti èkejì ní nǹkan bí ìgbà 12. Ìwọ̀n yìí ló ń mú kí ohm 75 àti ohm 110 bára mu. Òun náà ló ń bí ìbejì wa: wáyà kan wọlé, Táyé àti Kẹ́hìndé jáde. Kò nílò iná tirẹ̀. Volt tó ń jáde nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.6 lọ, ṣùgbọ́n ìlànà AES béèrè pé kí ẹ̀rọ tó ń gbà lè ka volt 0.2, nítorí náà ó máa ń tó bí ọ̀nà kò bá jìn.

Bí ọ̀nà bá jìn, tàbí bí ẹ̀rọ CD bá jẹ́ èyí tó ní ihò okùn ìmọ́lẹ̀ nìkan, a nílò ẹ̀rọ ayípadà oníná, tí yóò ka iṣẹ́ náà, tí yóò sì tún un rán pẹ̀lú agbára ti sítúdíò. Èyí ó wù kí a lò, ẹ̀yìn ẹ̀rọ CD gan-an ni àyè rẹ̀. Kí wáyà ohm 75 tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kúrú. Kí wáyà ohm 110 tí a ṣe fún AES rin ọ̀nà tó kù. Ìlànà náà gba ọ̀nà adọ́gba láàyè dé nǹkan bí mítà 100.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkìlọ̀ mẹ́ta sí etí àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dán an wò. Àkọ́kọ́, ihò makirofóònù jọ ihò AES/EBU bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n kọ sí lára rẹ̀. Míksà lè máa rán volt 48 gba ihò makirofóònù jáde, èyí sì lè ba ẹ̀rọ yín jẹ́. Èkejì, tiransifọ́mà tí wọ́n ṣe fún makirofóònù tàbí gìtá kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tí etí ń gbọ́ ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe iná tó ń yí padà ní ìgbà mílíọ̀nù. Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ míksà ló ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan, CD sì wà lórí 44,100. Ẹ tò míksà àti kọ̀ǹpútà sí 44,100, kí ẹ sì jẹ́ kí míksà tẹ̀lé agogo tó ń bọ̀ láti ara ẹ̀rọ CD. Bí ìyá ìlù àti omele kò bá tẹ̀lé ara wọn, kò sí bí ijó ṣe lè gún.

Ohun kan tún wà nínú iṣẹ́ tí ẹ̀rọ CD ń rán. Pẹ̀lú ohùn ni àmì kéékèèké kan ń rìn. Ọ̀kan ń sọ bóyá ilé ni iṣẹ́ náà ti wá tàbí sítúdíò, òmíràn ń sọ bóyá a gbà kí a ṣe ẹ̀dà. Tiransifọ́mà kì í yí àwọn àmì yìí padà. Ọ̀pọ̀ míksà kò kà wọ́n sí, ṣùgbọ́n bí tiyín bá kọ ohùn náà nítorí wọn, ẹ̀rọ ayípadà oníná kan lè tún wọn kọ. Ti ẹ̀tọ́ àwọn tó ni orin kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Kí a tó fọwọ́ kan àwo bàbá náà, a bèèrè lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀ àti àwọn àgbà ẹgbẹ́, wọ́n sì sọ èyí tí a lè gbé síta àti èyí tó gbọ́dọ̀ wà nílé.

Ohun tí kò lè ṣe

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín pé ìsopọ̀ adọ́gba yóò mú ohùn dùn ju bó ṣe wà lórí àwo lọ. Bí nọ́ńbà bá ti dé pérépéré, kò sí adùn mìíràn tí wáyà lè fi kún un. Kò lè wo àwo tó ti họ sàn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá ohun tí aró rẹ̀ ti ṣá padà. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kí èyí tó ṣẹ́kù dé ibi tó ń lọ láìdínkù. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ má ṣe dúró di ọ̀la.

Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ohun ìní iyebíye tí ẹnu ń gbé láti ìran dé ìran. Ní ọdún 2008, ó wọ inú àkọsílẹ̀ ogún gbogbo ayé ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ohun ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Ohùn àwọn bàbá wa wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn.

Nígbà tí a so tiransifọ́mà náà mọ́ ọn, a tún àwo bàbá gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀rọ amúnáwá sì ń ké lẹ́yìn ilé ní gbogbo àkókò náà. Ohùn kò já lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ó dé ibi orúkọ, ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ sókè pé kí a dákẹ́, ó sì ń ka wọ́n bí bàbá ti ń pè wọ́n. Wọ́n pé. A ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹbí, ọ̀kan fún ẹgbẹ́, ọ̀kan fún sítúdíò. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ lọ ṣí àpótí tiyín. Ẹ mú àwo tó wà nínú rẹ̀ kúrò nínú ooru, ẹ kọ orúkọ akọrin àti ọdún sí ara páálí rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tó lè kà á nígbà tó ṣì ṣeé kà.