Ẹsẹ̀ Reluwé Pupa: Láti Sípéènì dé Òyìngbò

Ará Ìkòròdú tó bá já sí Ọ̀ṣọ́dì láti wọ reluwé pupa (Red Line) ti Èkó, kó tó wọlé, kó wo àárín kóòṣì kan sí èkejì. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà wà.

Kì í ṣe bí ti àtijọ́ nìyẹn. Ojú irin láti Ìdó wọ Ìbàdàn ní 1901. Bógì ni a mọ̀ mọ́ irú reluwé bẹ́ẹ̀: férémù irin tó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin àti sípíríńgì, ọ̀kan níwájú kóòṣì, ọ̀kan lẹ́yìn. Ó lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo. Tí ọkọ̀ bá sì fi eré wọ kọ́ná, ìta ni èrò ń fì sí.

Ìwúwo yìí ni ẹnjiníà ará Sípéènì kan, Alejandro Goicoechea, kò gbà fún. Olówó kan, José Luis Oriol, tì í lẹ́yìn, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ Talgo sílẹ̀ ní 1942. Wọ́n yọ bógì kúrò pátápátá. Kóòṣì di kúkúrú, ó sún mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì péré ló wà láàárín kóòṣì méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń dá yí. Ní 1980 ni wọ́n tún gbé sípíríńgì lọ sókè, nítòsí òrùlé, tí kóòṣì fi dà bí ohun tí a so kọ́. Bí ọkọ̀ bá dé kọ́ná, ìsàlẹ̀ kóòṣì á fì síta, òkè rẹ̀ á tẹ̀ sínú, bíi korobá omi tí ọmọdé ń fi okùn jù yíká tí omi rẹ̀ kò dà. Èyí wúlò fún wọn, torí òkè pọ̀ ní Sípéènì, kọ́ná sì pọ̀ lójú irin wọn.

Ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ra àwọn reluwé Talgo tó wà l'Ékòó yìí ní 2009. Ìṣèlú dé, gómìnà tuntun kò fẹ́ wọn mọ́, wọn kò sì gbé èrò kankan níbẹ̀. Ní January 2022, Gómìnà Èkó, Sanwó-Olú, lọ rà wọ́n ní Milwaukee. Wọ́n ṣí ọ̀nà reluwé pupa ní 29 February 2024. October ọdún náà ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́.

Ibùdókọ̀ mẹ́jọ ló wà láàárín kìlómítà 27, láti Àgbàdo dé Òyìngbò. Níbo ni reluwé ti fẹ́ rí àyè sáré débi tí yóò fi tẹ̀ ní kọ́ná? Lójú tèmi, ohun tó wà nílẹ̀ la rà, kì í ṣe ohun tí ọ̀nà náà ń béèrè.

Ojú irin 1901 kò ya Ìkòròdú, kò sì ya Ẹ̀pẹ́. Nínú ètò ìjọba Èkó, ọ̀nà reluwé aláwọ̀ ọsàn (Orange Line) yóò ti Ìkẹjà lọ sí Agbówà, ní ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé lórí rẹ̀, ẹ má béèrè ibùdókọ̀ nìkan. Ẹ béèrè irú ẹsẹ̀ tí yóò wà lábẹ́ ọkọ̀ náà.